Ọgbà Ọba Tí Ó Jóná ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i." Òtítọ́ ni, nítorí bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú ni yóò jùmọ̀ kọ́ òmíràn tí yóò dára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ilé ọba kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí iná jó, tí a kò sì tún kọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá títí di òní. Ìtàn rẹ̀ kan àwa Kristiẹni.

Yuanmingyuan ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ọgbà Ìmọ́lẹ̀ Pípé. Ẹ̀yìn odi ìlú Beijing ni ó wà. Ní ọdún 1707 ni Kangxi ọba fi ilẹ̀ náà ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n Qianlong, ọmọ-ọmọ Kangxi, ni ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jù lọ. Ó fẹ̀ ju éékà 850 lọ, adágún omi, afárá, òkè àtọwọ́dá àti ilé dáradára sì kún inú rẹ̀. Mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Àwọn ará ẹgbẹ́ Jésúítì ti Ìjọ Àgùdà ń sin ọba yìí. Giuseppe Castiglione, ayàwòrán ará Ítálì, ya àwòrán àwọn ilé olókùúta fún un. Michel Benoist, àlùfáà ará Faransé, sì ṣe ẹ̀rọ omi tí ń tú sókè. Níwájú ilé kan, orí ẹranko 12 tí a fi idẹ ṣe ń pọ omi ní wákàtí méjì méjì, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, gbogbo wọn a pọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún 1856 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Ṣáínà, àwọn Faransé sì dara pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀ràn òwò ni, òwò opium pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1860, àwọn ará Ṣáínà mú àwọn ikọ̀ tí ó wá lábẹ́ àsíá funfun, wọ́n dá wọn lóró, nǹkan bí ogún nínú àwọn tí a mú sì kú. Ìwà búburú ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ-ogun Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì dé inú ọgbà náà, wọ́n sì kó o ní ìkógun. Xianfeng ọba ti sá lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Lord Elgin pàṣẹ pé kí á ti iná bọ̀ ọ́. Èrò rẹ̀ ni pé ọba nìkan ni ìyà náà yóò jẹ, tí àwọn ará ìlú yóò sì bọ́. Charles Gordon, ọmọ-ogun tí ó fẹ́ràn Bíbélì, tí ó sì kú ní Khartoum ní ọdún 1885, wà nínú àwọn tí ó sun ún. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ó dun ọkàn láti sun ohun tí ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Kíyèsí i, olùkàwé ọ̀wọ́n: àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Kristi ni ó kọ́ apá kan ọgbà yìí, àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Kristi ni ó sì sun ún.

Tongzhi ọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní ọdún 1873, ṣùgbọ́n owó kò tó, ó sì dáwọ́ dúró ní ọdún kejì. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn ń kó òkúta rẹ̀ lọ, àgbẹ̀ sì ń dáko níbẹ̀. Ní ọdún 1988 ni a ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nísinsìnyí ọmọ ilé-ìwé lè rìn létí omi tí òṣíbàtà bò, níbi tí baba ńlá rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀. Àwọn ilé onígi ti jóná. Òkúta iṣẹ́ Castiglione ni ó ṣẹ́kù tí gbogbo ènìyàn ń wò. Méje nínú orí ẹranko náà ti padà sí Ṣáínà. Ìdílé kan láti Faransé ni ó fi méjì nínú wọn ránṣẹ́ ní ọdún 2013.

Ọba ni Elgin fẹ́ jẹ níyà. Ọba náà kú ní ọdún 1861, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò gbàgbé. Bí egbò bá san, àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, ẹ sọ ti àwọn ikọ̀ tí a dá lóró, kí ẹ sì sọ ti iná náà. Kí wọ́n sì kọ́ láti má ṣe fi ìbínú sí ẹnì kan ba ohun rere tí ìran mìíràn yóò jogún jẹ́.