Plọ́ọ̀tì 16, Ọ̀nà Mẹ́ta: Ogún Mùsùlùmí ní Ìmọ̀ta

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan jáde láyé ní Ìmọ̀ta. Mùsùlùmí ni. Ó fi ìyàwó méjì àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Ìyálé bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́ta. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ plọ́ọ̀tì 16. Àwọn àlùfáà wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìgbà tó kan ilẹ̀ ni ẹnu ò kò mọ́.

Àṣà Yorùbá ní ìdáhùn méjì. Àkọ́kọ́ ni ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ ni a ó pín in sí. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyálé á kó plọ́ọ̀tì 8. Àwọn mẹ́rin tó kù á mú 2, 2. Èkejì ni orí-ò-jorí: iye ọmọ ni a ó wò, kálukú á mú plọ́ọ̀tì 3 àti ìdá kan nínú márùn-ún.

Ti Ìsìláàmù yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ìsìnkú, gbèsè òkú, àti wàsíyà tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ká ní kò sí gbèsè, kò sì sí wàsíyà, ìpín tí Àlùkùránì là sílẹ̀ nínú súrà An-Nisaa, ẹsẹ 11, 12 àti 176, ló kàn. Nítorí pé olóògbé bímọ, àwọn ìyàwó ló ni ìdá kan nínú mẹ́jọ: plọ́ọ̀tì 2, kí wọ́n mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìyá rẹ̀ wà láyé ni, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ìyá ì bá gbà. Plọ́ọ̀tì 14 tó kù di ti àwọn ọmọ, ọkùnrin á mú ìlọ́po méjì obìnrin: ọkùnrin 4, 4, obìnrin 2, 2, 2.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyí: nínú àpẹẹrẹ yìí, plọ́ọ̀tì 2 ni ọmọbìnrin ń gbà nínú ìdí-igi, 2 náà ló gbà nínú Ìsìláàmù. Opó ni tirẹ̀ yàtọ̀. Kò ní nǹkan kan nínú ọ̀nà méjèèjì ti àṣà. Láyé àtijọ́, òun gan-an wà lára ogún, àbúrò ọkọ á ṣú u lópó. Ẹsẹ 19 nínú súrà yẹn kan náà kọ̀ kí a fi ipá jogún obìnrin.

Ìsìláàmù kì í ṣe àlejò lágbègbè yìí. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Kí ló dé tí ìpín opó kò fi wọ kóòtù? Òfin ilé-ẹjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Èkó ní 1876 fàyè gba àṣà ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá kóòtù àlùkáálì sílẹ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní àṣà Yorùbá kò jẹ́ kí ìyàwó jogún ọkọ. Orúkọ Mùsùlùmí ni méjèèjì! Ní 1962, ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, oníyàwó mẹ́rin, ọlọ́mọ mẹ́sàn-án, dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ìdí-igi ni ìpìlẹ̀, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá dé.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 275, gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láyè láti dá kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó kò tíì dá a sílẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí àti àlùfáà ló wà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ní Ìmọ̀ta ní oṣù kìn-ín-ní 2023, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ohun à-ń-fojú-rénà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí ilé yín bá fẹ́ fi Ìsìláàmù pín ogún, ẹ pín in tán. Ẹni tó fi ẹ̀sìn gba ìlọ́po méjì, tó wá fi àṣà lé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, kò tẹ̀lé ẹ̀sìn, kò tẹ̀lé àṣà. Àpò ara rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.