Ogun Ojú Omi àti Àwọn Odi Accra

Ní ọdún 1664, Michiel de Ruyter, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Holland, wà ní Òkun Mẹditaréníà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀, ó ń dáàbò bo àwọn oníṣòwò ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà òkun Algiers. Níbẹ̀ ni àṣẹ ìkọ̀kọ̀ ti bá a pé kí ó ta ìgbòkun, kí ó sì kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ó fa èyí ni pé Robert Holmes, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti gba erékùṣù Gorée àti odi Cape Coast lọ́wọ́ àwọn ará Holland, bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì kéde ogun láàrin ilẹ̀ méjèèjì.

Ní October ọdún náà, de Ruyter gba Gorée padà. Ní February 1665, ó gba Kormantin, olú odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Wúrà. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká Cape Coast. Kì í ṣe pé àgbá wọ́n ọn. Etíkun náà ni kò ní èbúté: ọkọ̀ ńlá a máa dúró lójú agbami, ọkọ̀ àjẹ̀ àwọn ọmọ ìlú ni í sì í la ìgbì kọjá dé ilẹ̀. Ní Kormantin, àwọn jagunjagun Fante tí a fi wúrà bẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀; ní Cape Coast, àwọn ará Fetu wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn Breda ní 1667 fi Kormantin sílẹ̀ fún Holland, ó sì fi Cape Coast sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni ó fi odi mẹ́ta sí Accra nìkan: Crèvecœur ti Holland ní 1649, Christiansborg ti Denmark ní 1661, àti James ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1673. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tí ó yá, ènìyàn ni wọ́n ń kó. Ní 1782, ogun tún dé láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Holland, Ọ̀gágun Thomas Shirley sì gba Crèvecœur. Nígbà tí àlàáfíà dé, a dá a padà fún Holland. A kò bi àwọn Gã, tí wọ́n ni ilẹ̀, léèrè ohunkóhun.

Denmark ta odi tirẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Holland fi Crèvecœur sílẹ̀ ní 1868. Odi James di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láti inú rẹ̀ ni Kwame Nkrumah ti jáde ní 12 February 1951, láti lọ ṣe olórí ìjọba. Àgbá tí a kọjú sí òkun nítorí ọ̀tá kò rí ẹni tí yóò gba ilẹ̀ náà padà: ẹ̀yìn odi, láàrin àwọn onílẹ̀, ni ó ti wá.