Bí Ìdíje Mọ́tò NASCAR Ṣe Dàgbà, àti Ohun Tó Fi Kàn Wá l'Àbújá

Àwa tá a ń gbé l'Àbújá mọ bí títì Kubwa àti ti Airport ṣe ń tan ọ̀dọ́ awakọ̀: ó fẹ̀, ó gún, ló bá di eré àsápajúdé.

Ojú títì náà ni NASCAR, ìdíje mọ́tò ńlá Amẹ́ríkà, ti ṣẹ̀ wá. Lára àwọn tó ń gbé ọtí fàyàwọ́ tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe kí ọlọ́pàá má baà bá wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń bá ara wọn díje. Bill France ló kó wọn jọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lóṣù kejì ọdún 1948.

Ní 19 oṣù kẹfà 1949, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ fún irú mọ́tò tá à ń rà lọ́jà, ní Charlotte. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé, àmọ́ wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ ẹ̀ torí wọ́n ti tún sípíríǹgì mọ́tò ẹ̀ ṣe. Jim Roper ni wọ́n fún.

Síbẹ̀, òfin ò tíì mú gbogbo èèyàn dọ́gba. Nígbà tí Wendell Scott, aláwọ̀ dúdú, borí lọ́dún 1963, ẹlòmíì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ipò náà fún. Ọdún 2021 ni aláwọ̀ dúdú kejì, Bubba Wallace, tó borí nípele tó ga jù. Jesse Iwuji, tí òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, náà ti díje ní NASCAR.

Pápá ìje yàtọ̀ sí títì o. Road Safety, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága àkọ́kọ́ ẹ̀ lọ́dún 1988, ló ń ṣọ́ títì wa. Mọ́tò àdáni ò gbọ́dọ̀ kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí títì márosẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fọ́mọ yín. Ọ̀nà ilé jìn sí Àbújá. A ò fẹ́ máa gbé òkú ọmọ relé.