Òṣèlú Abẹ́lé àti Ẹ̀yáwó Ìjọba: Àríyànjiyàn Ọdún 1985 ní Nàìjíríà

Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1981, ìjọba Shehu Shagari tọ Àjọ Owó Àgbáyé lọ fún ẹ̀yáwó ní 1983. Àjọ náà ní kí wọ́n dín iye náírà kù, kí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ọjà òkèèrè. Ọdún ìdìbò ni. Ìjọba wo ni yóò gbà? Ìjọba Buhari tí ó tẹ̀ lé e kọ̀ pẹ̀lú.

Babangida gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1985, ó gbé ọ̀ràn náà síwájú ará ìlú láti jíròrò. Àwọn òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì tako ẹ̀yáwó náà, ó sì kéde ní oṣù Kejìlá pé ìjọba òun kò ní í gbà á. Ṣùgbọ́n ní 1986, ìjọba kan náà gé owó ìrànwọ́ epo, ó sì gbé Ètò Àtúntò Ọrọ̀-Ajé kalẹ̀. Náírà tí ó tó dọ́là kan ní 1985 di bíi mẹ́rin sí dọ́là kan ní 1987. Orúkọ ẹ̀yáwó ni wọ́n kọ̀, kì í ṣe àwọn májẹ̀mú rẹ̀. Àjọ náà fọwọ́ sí ètò yìí, ìjọba sì kọ̀ láti gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni àwọn ìjọba ayánilówó ń dúró dè kí wọ́n tó gbà láti sún ọjọ́ sísan gbèsè síwájú.