Ta Ló Jí Àmì Abẹ́ Orúkọ Wa?

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ìjánu lẹ́nu ẹṣin, kò lè sọ pé òun mọ ibi tí ẹṣin náà yóò gbà lọ. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti gba ìjánu ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ní kí n bá àwọn kọ ètò tí yóò máa tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti iye owó tí oníkálùkù fi pamọ́, kí àwọn lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé ńlá kan báyìí tí eku ti ń jẹ létí. Mo kọ ọ́, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ pín èrè, akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Ẹ gbà mí o! Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ tàbí ṣ wà, àmì ìbéèrè ló dúró gbagidi síbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣọla di "??la". Ìyá kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn. Akọ̀wé kò tilẹ̀ fi àmì ohùn sí orúkọ náà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, àmì abẹ́ nìkan ló fi sí i, síbẹ̀, "?bun" ni ẹ̀rọ gbé jáde. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀bùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ jàre!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà dìde, ó gba owó rẹ̀, ó jáde. Kò rẹ́rìn-ín.

N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló jí àmì abẹ́ orúkọ ìyá yẹn? Ìbéèrè yìí ló sọ mí di ẹni tó ń tú ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí mo ṣe rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ A, kò mọ B. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Kí ó tó lè tọ́jú lẹ́tà, àwọn ènìyàn ní láti jókòó ṣe àdéhùn pé nọ́ńbà báyìí ló dúró fún lẹ́tà báyìí. Ní ọdún 1963 ni wọ́n tẹ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ASCII ni wọ́n pè é. Àyè 128 péré ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kékeré pàápàá kò rí àyè níbẹ̀ lọ́dún náà. Àtúnṣe ọdún 1967 ló mú wọn wọlé. Ní 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson pàṣẹ pé kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá ń rà gbọ́dọ̀ gbọ́ ASCII. Oníbàárà ńlá nìyẹn, ta ni oníṣòwò tí yóò kọ̀ ọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. N kò pè é ní ìkà. Ẹni tó ń dáná fún ilé ara rẹ̀, a kì í bi í pé kí ló dé tí kò bu ti aládùúgbò sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àmì abẹ́ tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn ará ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè yìí sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì wà níbẹ̀. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò dòní. Ẹ ò rí i pé kí wọ́n tó bí kọ̀ǹpútà rárá ni àwọn baba wa ti ń jà lórí ibi tí àmì abẹ́ yóò wà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e.

Àwọn ará Yúróòpù náà kò gbà kí wọ́n fi 128 pín gbogbo wọn. Faransé fẹ́ é àti è, Pọtogí fẹ́ á àti ó, Jámánì fẹ́ ti ara wọn. Ni wọ́n bá sọ ilé di ìlọ́po méjì: àyè 256. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lára àwọn ilé tuntun yìí, ISO 8859-1, jáde ní 1987, Windows sì ní èyí tó fara jọ ọ́. Nípasẹ̀ àwọn èdè Yúróòpù ni á, à, é, è, ó, ò tiwa fi rí ibi forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ, ṣ ńkọ́? Ìta ni wọ́n wà.

Àrùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ tí kò ní àyè nínú ilé 256 yẹn, àmì ìbéèrè ni yóò fi dípò rẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: àmì ìbéèrè yìí kì í ṣe aṣọ tí a fi bo lẹ́tà, tí a lè ká kúrò lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́tà ti lọ nìyẹn. Bí a bá ti fi pamọ́ báyẹn, kò sí babaláwo tí yóò mọ̀ bóyá Ẹ ló wà níbẹ̀ tàbí Ọ. Ìwé ńlá tí eku ń jẹ létí, tí mo ti fi ṣẹ̀sín, òun la padà lọ bá kí a tó lè tún orúkọ gbogbo wọn tẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1988, ọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ Xerox, Joe Becker, kọ àbá kan pé kí gbogbo lẹ́tà tó wà láyé ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹnikẹ́ni pín in. Òun pẹ̀lú Lee Collins àti Mark Davis tí wọ́n wà ní Apple ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Unicode ni orúkọ rẹ̀, apá àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1991. Wọ́n rò pé àyè 65,536 yóò tó aráyé. Nígbà tó di 1996, wọ́n fẹ ilé náà sí i.

Ọdún 1993 ni ẹ àti ọ wọlé. Ẹ mọ ẹni tó mú wọn wọlé? Àwọn ará Vietnam ni! Àwọn náà ń kọ ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn ni àmì abẹ́ náà dúró fún, ohùn wíwúwo kan báyìí tó ń já wálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń sọ fáwẹ̀lì kan di òmíràn ni. Ṣ tiwa sì bá àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi lẹ́tà Òyìnbó kọ Sanskrit àti Lárúbáwá wọlé. Èrò inú ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wá, ṣùgbọ́n a dé ibi tí à ń lọ.

Lọ́dún 1993 yẹn kan náà ni Windows NT jáde, Unicode ló sì ń sọ nínú ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ètò àtijọ́, wọ́n fi ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún àwa tí à ń kọ ètò. Iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, ọ̀kan ní lẹ́tà A nídìí, èkejì ní W. Ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn A wọlé, ilé 256 ló bọ́ sí. Ẹni tó bá gba W, gbogbo ayé ló rí. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yẹn ní ilẹ̀kùn W. Èmi, ní 2001, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ilẹ̀kùn A ni mo gbà, nítorí òun ni mo mọ̀, òun ni gbogbo wa ń lò. Mo ti ń wá olè káàkiri Amẹ́ríkà, àṣé èmi gan-an ni olè náà.

Mo tún ètò náà kọ. Ṣé ó tán? Kò tán o. Ó ku àrùn kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n ń ro bí a ṣe lè kọ Unicode sínú fáìlì láìba àwọn fáìlì ASCII àtijọ́ jẹ́. Orí bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ ni Thompson kọ ọ́ sí. UTF-8 ni à ń pè é lónìí. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì gba báìtì kan ṣoṣo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ gba mẹ́ta mẹ́ta. Ó dára púpọ̀, àfi bí ẹni tó ń kà á kò bá mọ̀ pé UTF-8 ni. Yóò ka báìtì mẹ́ta bí lẹ́tà mẹ́ta. Báyìí ni ṣ ṣe ń di "á¹£". Nígbà tí akápò ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ rí i, ó bi mí bóyá a ti ń gba owó pọ́n-ùn ni.

Àrùn yìí kò burú tó ti àkọ́kọ́, nítorí ohunkóhun kò sọnù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kà á pé UTF-8 ni, ojú á là. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé fáìlì tí a kò mọ àdéhùn tí wọ́n fi kọ ọ́, a kò tíì lè kà á.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, òun ló dùn mí jù. Ní 2006, ìyá tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn wá yá owó láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì ohùn, ó pé pérépéré. Ètò tèmi dáhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A yẹ ìwé orúkọ wò, orúkọ náà nìyẹn lójú wa kedere! Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìyá yẹn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ rẹ sọ mí di Ọ̀bùn. Lónìí, ó ní èmi kò sí rárá. Ṣé kí n lọ gba orúkọ mìíràn wá ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Vietnam gba nọ́ńbà fún lẹ́tà wọn tó ní àmì méjì, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ẹ̀ tiwa. Títò la ń tò ó pọ̀. Ẹnì kan lè mú Ẹ, kó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè mú È, kó fi àmì abẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta lè mú E lásán, kó wá to méjèèjì lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń ka nọ́ńbà, mẹ́ta ni. Ẹni tó kọ́kọ́ dé fìlà kó tó wọ bàtà, àti ẹni tó kọ́kọ́ wọ bàtà kó tó dé fìlà, ṣebí ènìyàn kan náà ni? Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá sọ fún un. Kíbọọ̀dù tí wọ́n fi tẹ orúkọ náà níjọ́sí yàtọ̀ sí èyí tí akọ̀wé fi ń wá a.

Unicode ti ṣe ìlànà fún èyí, normalization ni wọ́n ń pè é: kí a sọ gbogbo ọ̀nà títò di ọ̀kan kí a tó fi orúkọ pamọ́, kí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí à ń wá kí a tó wá a. Ìlà méjì péré ni mo fi kún ètò náà, mo sì jẹ́ kó tún gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ tò. Akọ̀wé tẹ Ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn jáde. Ìyá gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di 2019, Windows 10 jẹ́ kí ètò lè sọ pé UTF-8 ni òun ń gbọ́ ní ilẹ̀kùn A pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ètò náà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rọ kì í sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí wọ́n bá fi àmì ìbéèrè há orúkọ yín lọ́fíìsì kan, tí wọ́n ní "Kọ̀ǹpútà ni kò gbà á," ẹ má gbà. Láti 1993 ni kọ̀ǹpútà ti ní àyè fún un. Ènìyàn kan ló gba ilẹ̀kùn tí kò yẹ, ẹ ní kí wọ́n wá a.

Ní tèmi, n kì í fi ètò kankan lé oníbàárà lọ́wọ́ mọ́ láìkọ́kọ́ tẹ orúkọ kan sí i, kí n fi pamọ́, kí n pa ẹ̀rọ, kí n tàn án, kí n sì wá orúkọ náà. Ẹ̀bùn ni orúkọ tí mo ń tẹ̀.