Adékúnlé Ajásin: Olùkọ́ Tí Ó Ṣí Ilẹ̀kùn fún Wa

Bí a bá wọ ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ kí ìyá àgbà mi ní Ọ̀kà, a máa ń kọjá ní yunifásítì tó wà ní Àkùngbá. Orúkọ Adékúnlé Ajásin ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka orúkọ náà láì bi ara mi pé ta ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìtàn wa ló ní kí n lọ wádìí rẹ̀.

Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1908. Ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ní 1924, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùkọ́, ó sì jáde ní 1927. Nàìjíríà kò ní yunifásítì kankan nígbà náà. Ó di 1943 kí ó tó wọ Fourah Bay College ní Sierra Leone. Ọmọ ọdún 34 ni, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rán ọmọ tiwọn lọ sílé-ìwé. Ó gboyè ní 1946, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀ ní 1947.

Ní 1951, ní Ọ̀wọ̀ kan náà, wọ́n ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira wa. Ajásin ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà, pé kí àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá àgbà mi, ó dáwọ́ ẹ̀gúsí tí ó ń bó dúró.

“Ọdún tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Owó ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá wa ní, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n sì ná an lé lórí. Oko ni èmi ń bá wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kò sí owó níbẹ̀ mọ́, kí èmi náà máa lọ. A ò mọ ẹni tó kọ ọ́.”

Ẹni tí ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kò gbàgbé àwọn tó ṣì wà níta. Màmá ni mo kọ́kọ́ fún ní àròkọ yìí. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ náà, wọ́n sì kà á sókè fúnra wọn.