Ilé tí Frick Kọ́: Àádọ́rùn-ún Ọdún Ilé Ọnà kan ní New York

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé Henry Clay Frick sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ ní ìlú New York. Igun tí Fifth Avenue ti pàdé òpópónà 70th ni ilé náà wà, ó kọjú sí Central Park, ó sì fi ọgbà òdòdó yẹra díẹ̀ fún títì. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹbí, ọ̀rẹ́ olówó àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ló mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọdún 2025 ló pé àádọ́rùn-ún ọdún tó ti di ilé ọnà, ọdún náà ni wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù Kẹrin, lẹ́yìn àtúnṣe ńlá tó mú kí wọ́n tì í pa láti 2020. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí lè gun àtẹ̀gùn mábù dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí ìdílé náà ń sùn sí. Títí di ìgbà àtúnṣe yẹn, okùn ni wọ́n ń ta sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà kí àlejò má baà gùn ún.

Wọ́n máa ń ṣe àlejò níbẹ̀ bí ẹni pé onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Àwòrán wà lókè àga, ìkòkò tánganran wà lórí tábìlì, àlàyé ara ògiri kò sì tó nǹkan. Wọn kì í gba ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá wọlé, wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò nínú àwọn gbọ̀ngàn. Gbogbo rẹ̀ tu ojú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ilé náà ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, torí náà ibi tí owó ti wá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Abúlé West Overton ní Pennsylvania ni wọ́n bí Frick sí ní 1849. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, bàbá ìyá rẹ̀, Abraham Overholt, ló ní ilé ìpọntí tó sọ ẹbí náà di ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún. Ní 1871, Frick àti àwọn ìbátan rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòkù. Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ààrò bíríkì olórí roboto, wọn á dín atẹ́gùn tó ń wọ ibẹ̀ kù, wọn á sì jẹ́ kó máa jó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí èéfín àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò fi tán. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni kóòkù, òun sì ni àwọn tó ń yọ́ irin nígbà náà kò lè ṣe kí wọ́n má rà. Adájọ́ Thomas Mellon, tó ní báńkì ní Pittsburgh, yá a lówó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1873, tí àwọn mìíràn ń ta ilẹ̀ àti ààrò wọn ní ọ̀pọ̀, ríra ni Frick ń rà. Ó fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti di mílíọ̀níà.

Àjọṣe òun àti Andrew Carnegie, ọba irin ayé ìgbà náà, ló gbé e dé òkè téńté. Òun náà ló kó o sínú ọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde nínú rẹ̀ dòní. Ní 1892, nígbà tí àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin Homestead, létí odò Monongahela, fẹ́ parí, Frick ni alága ilé iṣẹ́ náà. Carnegie ti wà ní Scotland, ó ti fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Frick fẹ́ dín owó iṣẹ́ kù, ó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kógbá sílé. Ó ní kí wọ́n fi pákó mọ odi gíga yí ibẹ̀ ká, ó sì ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ìta. Fort Frick ni wọ́n sọ odi náà, bí orúkọ ilé ológun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù Keje tó mọ́, 300 ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ Pinkerton ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi méjì pẹ̀lú ìbọn, Frick ló háyà wọn. Tọkùnrin tobìnrin ìlú náà ti dúró dè wọ́n létí omi. Ìbọn ń dún láti àárọ̀ títí di ọ̀sán pọ́nkán kọjá. Iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé òṣìṣẹ́ méje àti ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló kú. Gómìnà Pennsylvania kó ọmọ ogun tó lé ní 8,000 wá, nígbà tó sì fi di oṣù Kọkànlá, apá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti rọ.

Láàárín rẹ̀ náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, Alexander Berkman, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ṣiṣẹ́ irin rí ní Homestead, wọ ọ́fíìsì Frick ní Pittsburgh, ó yìnbọn lù ú, ó sì fi ohun mímú gún un. Frick yè é. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọmọ jòjòló rẹ̀ kú. Ọdún tó ṣáájú ni Martha ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kú, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀fọ̀ ọmọ dun ún títí ayé rẹ̀. Àwọn tó kú létí odò náà sì lẹ́ni tó bí wọn.

Nígbà tó fi máa di 1900, òun àti Carnegie ti di ọ̀tá lórí iye tí wọ́n ń ta kóòkù. Wọ́n ní nígbà tí Carnegie darúgbó, ó ránṣẹ́ sí i pé kí àwọn parí ìjà, Frick sì ní kí ìránṣẹ́ sọ fún un pé ó di ọ̀run àpáàdì, pé ibẹ̀ làwọn méjèèjì ń lọ. Carnegie kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1919, Frick tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá.

Ìjà yẹn wà nínú ilé náà. Ilé Carnegie wà lókè Fifth Avenue kan náà, ní òpópónà 91st, wọ́n sì máa ń sọ pé Frick lérí pé bí òun bá kọ́ tòun tán, tìyẹn yóò dà bí ahéré awakùsà. Ó kó wá sí New York ní 1905, ó háyà ilé ìdílé Vanderbilt, ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ Lenox Library. Ilé ìkàwé náà wà níbẹ̀ títí di 1912 kí wọ́n tó wó o. Àwọn ìwé inú rẹ̀ ti lọ sí New York Public Library, èyí tí John Carrère àti Thomas Hastings yàwòrán rẹ̀. Hastings yìí náà ni Frick gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún. Òkúta ẹfun Indiana ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdílé náà sì kó wọ ibẹ̀ ní 1914. Gbọ̀ngàn àwòrán tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn gùn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, òkè àjà rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ta ló ń kọ́ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ méjì? Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ará ìlú yóò wá wò ó lọ́jọ́ kan.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kánjú kúrò ní pálọ̀ ńlá. Lókè ibi ìyáná ni Jẹ́rọ́ọ̀mù Mímọ́ tí El Greco yà wà, nínú aṣọ pupa, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ gùn dé àyà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ni àwòrán méjì tí Hans Holbein yà: Thomas More àti Thomas Cromwell, àwọn méjèèjì tó sin Henry Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sún mọ́ More dáadáa. Apá aṣọ rẹ̀ jẹ́ àrán pupa, ìmọ́lẹ̀ ń dà lé ibi tó ti ká jọ débi pé èèyàn á fẹ́ fọwọ́ kàn án. Irùngbọ̀n tí kò fá ti hù wúruwùru ní àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Cromwell jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ki, ó ṣù, ó di ìwé kan mú gírígírí lọ́wọ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ́wọ́ nínú ohun tó mú kí wọ́n bẹ́ More lórí ní 1535, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ́ tirẹ̀. Lójú tèmi, Frick mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó gbé àwọn méjèèjì kọjú síra wọn sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yáná, ọkùnrin tó ní Carnegie nínú ọkàn ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ní ògiri kejì ni Francis Mímọ́ ti Giovanni Bellini wà, láìwọ bàtà láàárín àpáta, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ti àwọn àwòrán ìfẹ́ tí Fragonard yà fún Madame du Barry, olólùfẹ́ ọba Faransé, obìnrin náà kọ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n kó wọn lọ. Frick san 1,250,000 dọ́là lórí wọn ní 1915, nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù J. P. Morgan olóògbé. Tèmi ni pé ojú du Barry ríran. Àwọn mìíràn á bá mi jà lórí ìyẹn. Àwòrán Vermeer mẹ́ta ló wà nínú ilé náà, èyí tí ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì ni Frick rà kẹ́yìn kó tó kú.

Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ilé àti àwòrán fún ará ìlú, ó sì fi 15 mílíọ̀nù dọ́là tì í pé kí wọ́n máa fi tọ́jú wọn. Àmọ́ kí Adelaide ìyàwó rẹ̀ máa gbébẹ̀ títí yóò fi kú. Ó kú ní 1931. John Russell Pope, tó padà yàwòrán National Gallery ti Washington tí Andrew Mellon, ọmọ adájọ́ ọjọ́sí, dá sílẹ̀, ló sọ ilé náà di ilé ọnà. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀ ló sọ di àgbàlá tí omi ń rú nínú rẹ̀.

Nígbà àtúnṣe àìpẹ́ yìí, wọ́n kó àwọn àwòrán lọ sí ilé kan ní Madison Avenue láti 2021 sí 2024. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ Barkley Hendricks, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sáàárín àwọn Rembrandt ní 2023. Hendricks wá sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977, ọdún kejì rẹ̀ ló ya àwọn obìnrin Èkó mẹ́rin pọ̀ sórí aṣọ kan. Ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó rí àyè lábẹ́ orúkọ Frick, ṣùgbọ́n ó rí i.

Ẹni tó ṣe wàhálà jù lórí ilé náà lẹ́yìn ikú Frick ni Helen, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó dá ilé ìkàwé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1920, abẹ́ ilé níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń yí bọ́ọ̀lù ló sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó sí ní 1943, tí wọ́n ń ya máàpù àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àtayébáyé ní Yúróòpù tí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ ju bọ́ǹbù lù. Iṣẹ́ takuntakun ni, kò sì gbé e pariwo.

Ibi orúkọ bàbá rẹ̀ ni kò ti gba gbẹ̀rẹ́. Ní 1965 ó pe òpìtàn Sylvester Stevens lẹ́jọ́ ní Pennsylvania, nítorí ìwé kan tó sọ bí Frick ṣe ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí ilé ẹjọ́ má jẹ́ kí wọ́n tà á mọ́. Ẹjọ́ náà fà títí di 1967. Adájọ́ tú u ká. Ó ní bó ṣe rí yìí, ọmọ Éfà kan náà lè dìde ní kí wọ́n má ta Bíbélì mọ́, torí pé kò gbà pé ìyá òun ló fún Ádámù ní èso jẹ.